Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Páàdì Aṣọ Kò Gbọdọ̀ Sá fún Oòrùn

Kíláàsì: JSS 3, ọkùnrin àti obìnrin papọ̀
Iṣẹ́: Ìtọ́jú ilé
Àkókò: Ìṣẹ́jú 80
Orí ọ̀rọ̀: Láti orí páàdì àlòsọnù sí èyí tí a lè fọ̀

Ète ẹ̀kọ́

Ní ìparí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe páàdì tí à ń rà lọ́jà, yóò lè fọ páàdì aṣọ kí ó sì sá a bó ṣe yẹ, yóò sì mọ ìgbà tí páàdì aṣọ kò ní dára fún un. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn tó ń polongo àyíká sábà máa ń fò. Olùkọ́, ẹ má bá wọn fò ó.

Ohun èlò

Páàdì tuntun kan, àlùmọ́gàjí, ife omi kan, aṣọ òwú, fílánẹ́ẹ̀lì, agboòrùn tó ti kán, abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ, bọ́tìnì, ọṣẹ, bàsíà méjì.

Ìfáárà

Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé páàdì náà níwájú kíláàsì. Ẹ̀rín á sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ojú òkè rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ike tí wọ́n sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ ni igi tí wọ́n lọ̀ kúnná wà, pẹ̀lú ẹ̀rún kéékèèké. Ẹ da omi sí i kí wọ́n wo bí ẹ̀rún náà ṣe ń wú. Ọ̀rá ló wà nísàlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà jò, gọ́ọ̀mù ló sì fi ń lẹ̀ mọ́ pátá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn nọ́ọ̀sì kan ṣàkíyèsí pé ohun tí wọ́n fi igi ṣe láti di ojú ọgbẹ́ ń fa ẹ̀jẹ̀ ju òwú lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún nǹkan oṣù wọn. Láti ibẹ̀ ni páàdì Kotex ti jáde sọ́jà Amẹ́ríkà ní 1920. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ike àti ẹ̀rún wọ̀nyí tó dé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ìṣirò

Ká ní ọmọbìnrin kan ń lo páàdì mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ogún nìyẹn lóṣù, 240 lọ́dún. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 13 tó sì dáwọ́ dúró ní 50, ó di 8,880. Kí ọmọkùnrin kan ṣe ìṣirò náà sójú pátákó. Lẹ́yìn náà, kí kíláàsì sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ. Èyí tí wọ́n bá jù sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi á wú, á dí páìpù. Èyí tó bọ́ sí ṣalángá, igi inú rẹ̀ lè jẹrà, ọ̀rá rẹ̀ kò ní jẹrà, ṣalángá á sì tètè kún. Ẹni tó bá sun ún, ike ló ń sun. Èyí tó dé ààtàn, ajá á fà á jáde.

Ọ̀rọ̀ owó ni àwọn òbí yóò tètè gbọ́. Òfin ìṣúná ọdún 2019 yọ owó orí VAT kúrò lórí páàdì tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ẹni tó ń rà á lóṣooṣù mọ̀ pé iye rẹ̀ kò yé gòkè.

Ìgbésẹ̀ kejì: Àkísà ìyá àgbà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè béèrè pé, “Ṣé àkísà tí àwọn ìyá àgbà wa lò la tún fẹ́ padà sí?” Ìbéèrè gidi ni. Aṣọ kọ́ ló ṣe wọ́n ní ibi. Aṣọ òwú ń fa omi, ó ṣeé fọ̀, ó ń gbẹ. Ìtìjú ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹlòmíràn á fọ̀ ọ́ lóru, á fi í pamọ́ sábẹ́ ẹní tàbí sẹ́yìn àpótí kí bàbá ilé má baà rí i. Ibẹ̀ kò rí oòrùn, kò rí afẹ́fẹ́. Aṣọ náà á wà ní tútù, á bu, kòkòrò àìfojúrí á gbilẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì tún gbé e wọ̀. Bí a bá rán páàdì aṣọ tó lẹ́wà jù lọ lónìí, tí a ń sá a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àkísà àná náà la ṣì ń lò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Rírán

Kò le. Aṣọ òwú ni yóò kan ara, fílánẹ́ẹ̀lì ìpele méjì tàbí mẹ́ta á wà láàárín, aṣọ agboòrùn á wà nísàlẹ̀. A ó gé wọn ní ìwọ̀n páàdì ọjà, a ó fi apá méjì sí i, a ó sì fi bọ́tìnì dè é lábẹ́ pátá. Ankara tuntun tí kò tíì rí omi kì í fa nǹkan mu dáadáa. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fífọ̀ àti sísá

Kí àwọn ọmọkùnrin ṣe é pẹ̀lú. Inú omi tútù la ti ń rẹ ẹ́. Omi gbígbóná á mú kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ aṣọ, àbàwọ́n rẹ̀ kò sì ní fẹ́ lọ mọ́. A ó máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí omi pupa á fi dín kù, a ó da omi náà nù, ká tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ká ṣan án dáadáa, torí ọṣẹ tó bá kù sínú aṣọ lè máa yún ni lára.

Lẹ́yìn náà, orí okùn, níta, nínú oòrùn. Ẹni tó ń tijú lè ta aṣọ fẹ́lẹ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n kó má gbé e wọlé. Nígbà òjò, ká sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ká sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ ká tó tún lò ó. Ojú òwú rẹ̀ ni ká lọ̀ o. Aṣọ agboòrùn lè yọ́. Bó bá ṣì tutù díẹ̀, kò tíì gbẹ. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni ká máa pààrọ̀ rẹ̀, ká má sì yá ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe àbúrò ẹni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ife sílíkónì

Ife yìí náà wà fún nǹkan oṣù, ó sì ṣeé fọ̀ tún lò. Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí. Òṣèré Amẹ́ríkà kan, Leona Chalmers, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1937. Rọ́bà ni tirẹ̀. Inú ojú ara ni ife sílíkónì ń wà, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ dúró fún wákàtí 12 ó pẹ́ tán, wọ́n á sè é nínú omi híhó láàárín oṣù kan sí èkejì, ó sì lè lò tó ọdún 10. Àyẹ̀wò tó jáde nínú Lancet Public Health ní 2019, tó kó ìwádìí 43 jọ, rí i pé kò léwu. Bóyá ọmọ JSS 3 yóò lò ó, ọ̀rọ̀ òun àti ìyá rẹ̀ ni.

Ìgbà tí páàdì aṣọ kò yẹ

Ilé tí wọ́n ti ń fi kẹ́ẹ̀gì ra omi, ilé ìwé tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ kò ní omi tàbí ilẹ̀kùn: kí ọmọ tó wà níbẹ̀ máa lo páàdì àlòsọnù rẹ̀, kó fi bébà dì í, kó gbé e sínú garawa pàǹtí. Ó tún lè pín in: aṣọ nílé, àlòsọnù nílé ìwé. Ìyẹn sàn ju kó jókòó sórí aṣọ tútù títí aago méjì.

Ìgbéléwọ̀n

1. Èwo nínú ohun tó wà nínú páàdì ọjà ni kì í jẹrà?
2. Kí ló dé tí a kì í fi omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀?
3. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, báwo lo ṣe máa gbẹ páàdì rẹ?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Kí gbogbo kíláàsì, tọkùnrin tobìnrin, wá ibi kan nílé wọn tí a lè sá páàdì sí nínú oòrùn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bínú.

Ọ̀rọ̀ sí olùkọ́

Ẹ má ṣe lé àwọn ọmọkùnrin síta. Àwọn náà ló máa di bàbá ilé tí wọ́n ń fi páàdì pamọ́ fún. Bí ilé ìwé yín kò bá sì ní omi, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kí ẹ tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.