Bí A Ṣe Ń Yẹ Àdán Wò fún Àrùn

Àdán jẹ́ ẹranko afọ́mọlọ́mú tó ń fò, ó sì lè gbé fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, kiri láìjẹ́ pé àìsàn kankan hàn lára rẹ̀. Ní ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀kan, tó bá fáírọ́ọ̀sì àrùn dìgbòlugi tan, nínú àdán ajèso ní Erékùṣù Èkó, orúkọ Èkó náà ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí àdán tó jáde lọ jẹun, ni àwọn oníwádìí ń ta àwọ̀n sẹ́nu ihò àpáta. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni yóò tú èyí tó bá há, nítorí eyín rẹ̀ mú, wọn yóò fi òwú nu ẹnu rẹ̀, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá rẹ̀, wọn yóò sì dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí fáírọ́ọ̀sì gan-an nínú itọ́ rẹ̀, ó lè kó o ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èròjà tí ara ń pèsè láti fi gbógun ti àrùn ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé àrùn náà ti wọ ara rẹ̀ rí, kì í ṣe pé ó ṣì wà níbẹ̀ dandan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da méjèèjì pọ̀.

Ní Ìdànrè, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wọ ihò àpáta lọ mú àdán nígbà ọdún àdán, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2010 àti 2013 fi hàn pé ó lé ní ìdajì àwọn àdán tí wọ́n yẹ̀ wò tó ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ lòdì sí fáírọ́ọ̀sì àdán Èkó tàbí àwọn tó bá a tan, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn ènìyàn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò tó ní in. Síbẹ̀, nínú àwọn 2,112 tí ìwádìí náà kàn, àdán ti bu 52 jẹ rí, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò sì fi bẹ́ẹ̀ ká fáírọ́ọ̀sì àdán Èkó.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú pa àdán run. Wọ́n dán an wò níbi ìwakùsà Kitaka ní Ùgáńdà, lẹ́yìn tí àrùn Marburg, tí fáírọ́ọ̀sì tí àdán ń gbé kiri ń fà, mú àwọn awakùsà ní 2007; nígbà tí àdán padà síbẹ̀, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wọ́n wò ní 2012, nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní fáírọ́ọ̀sì náà, bẹ́ẹ̀ 5 péré ni tẹ́lẹ̀.