Ọ̀ṣọ́ Ilé fún Ọdún Àjíǹde, Láìfọwọ́ Kan Owó Òwò

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tó ń ká ọ̀pọ̀ nínú wa lára lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ sọ ní ìpàdé. Ohun náà ni owó tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí Ọdún Àjíǹde bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mo ń bá wí. Ní ọdún kan, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ẹja gbígbẹ kún ọjà mi. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ tí mo ń yá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan, mo wo kọ́tìnnì ilé mi, mo wo ti aládùúgbò mi, ojú tì mí. Mo bá yọ díẹ̀ nínú owó náà, mo fi ra kọ́tìnnì tuntun, kápẹ́ẹ̀tì, àti òdòdó onírọ́bà tí a ń tò sórí tábìlì. "Díẹ̀" ni mo ń pè é, àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja tí owó ọwọ́ mi kò ra ju ìdajì ẹrù lọ.

Lọ́jọ́ ọdún, àlejò mẹ́rin péré ló wọlé. Lọ́jọ́ Monday, gbogbo àdúgbò lọ sí Gálílì, èmi náà bá wọn lọ, ni ilé tí mo ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bá wà ní títì pa. Lẹ́yìn ọdún, àwọn oníbàárà dé, wọn ò bá irú ẹja tí wọ́n fẹ́, wọ́n kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Oṣù méjì gbáko ni mi ò fi rí owó ẹgbẹ́ dá padà. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ mi fẹ́ yá owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, wọ́n ní kó ní sùúrù ná títí ẹni tó gba ọwọ́ rẹ̀ yóò fi san tirẹ̀. Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá wá sílé mi, kọ́tìnnì yẹn ló máa ń wò.

A kò sọ pé kí ilé má lẹ́wà o. Bí ọdún bá dé, ó yẹ kó hàn nínú ilé pé ọdún dé. Ohun tí à ń sọ ni pé owó ọ̀ṣọ́ ní ibi tó yẹ kó ti wá, kì í ṣe inú owó òwò.

ÈKÍNNÍ: Ẹ MỌ ỌJỌ́, KÍ Ẹ TÈTÈ GBÉ KÓLÓ

Ọdún Kérésì kì í yẹ̀ lórí 25 December. Àjíǹde kò rí bẹ́ẹ̀, òṣùpá ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Sunday àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tó bá bọ́ sí 21 March tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni. Nítorí náà, kì í ṣáájú 22 March, kì í sì í kọjá 25 April. Ní 2025, ọjọ́ 20 April ló bọ́ sí. Ti 2026 jẹ́ 5 April. Ti 2027 jẹ́ 28 March. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ ti èṣí retí ọdún, ọdún á ká a mọ́ ibi tí kò rò.

Láti Ọjọ́rú Eléérú títí di Sunday Ọ̀pẹ, Sunday mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tí a bá ka Sunday Ọ̀pẹ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba eérú síwájú orí, ẹ ra kóló kan. Ká ní ẹ ń ju 2,000 náírà sí i ní Sunday kọ̀ọ̀kan, 12,000 náírà ni yóò wà níbẹ̀ ní Sunday Ọ̀pẹ. Ẹni tí agbára rẹ̀ jẹ́ 500 náírà, 3,000 ni tirẹ̀. Iye tí ẹ bá bá nínú kóló ni owó ọ̀ṣọ́ ọdún náà. Owó ìrẹsì àti ti ẹran yàtọ̀. Ẹ má sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ lé e láti ìsọ̀, n ó dá a padà." Gbólóhùn yẹn ló mú mi.

ÈKEJÌ: ÌMỌ́TÓTÓ NI Ọ̀ṢỌ́ TÍ KÒ GBOWÓ

Ọdún yìí máa ń bá wa lẹ́yìn ọyẹ́, nígbà tí òjò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bo gíláàsì fèrèsé, ó bo nẹ́ẹ̀tì, ó bo ọwọ́ fáànù. Bí ẹ bá so kọ́tìnnì tuntun mọ́ fèrèsé tó lérukù, ẹ̀gbin lẹ fi aṣọ bò. Ẹ pa fáànù kí ẹ tó nù ún. Ẹ fọ gíláàsì pẹ̀lú omi ọṣẹ, kí ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nù ún gbẹ. Ẹ gbá òwú aláǹtakùn kúrò ní òkè àjà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara ògiri pálọ̀ yín. Kàlẹ́ńdà ìsìnkú ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó ọmọ aládùúgbò, àwòrán tí ikán ti jẹ létí: ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ yan méjì tàbí mẹ́ta tó dára, kí ẹ gbé e kọ́ dáadáa. Pálọ̀ yóò tóbi sí i lójú, kọ́bọ̀ kan kò sì jáde.

ÈKẸTA: KỌ́TÌNNÌ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ YÍN

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó lọ sí ọjà aṣọ, ẹ ṣí àpótí. Mélòó ni aṣọ ẹbí tí ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ kò tún fọwọ́ kàn mọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Ìbú ankara máa ń tó íńṣì 45. Ká ní fèrèsé yín fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹ gé aṣọ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ọ̀pá kan àti ààbọ̀, ìyẹn íńṣì 54. Ẹ ṣẹ́ íńṣì mẹ́ta lókè fún wáyà, kí ẹ sì ṣẹ́ mẹ́ta nísàlẹ̀. Ó ku 48, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gééré. Ọ̀pá mẹ́ta ni fèrèsé kan jẹ. Ọ̀pá mẹ́fà tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, fèrèsé méjì ni.

Tó bá ti di ìró ńkọ́? Ìró ọ̀pá méjì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ so ó ní òòró sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Kò ní kanlẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí omi tí a fi ń nu ilẹ̀ kò ní bà á jẹ́. Ankara tó jẹ́ ojúlówó, ojú méjèèjì rẹ̀ dọ́gba. Bí oòrùn bá ti pa ojú kan, ẹ yí èkejì síta. Àjákù adìrẹ pẹ̀lú, ẹ fi rán aṣọ tìmùtìmù. Aṣọ tábìlì funfun tó ti pọ́n, ẹ fi búlúù ṣàn án, kí ẹ fi sítáàṣì sí i, kí ẹ lọ̀ ọ́. Yóò dúró bí tuntun.

ÈKẸRIN: ẸGBẸ́ NI WÁ, Ẹ JẸ́ KÁ RÀ Á PỌ̀

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n da owó wọn pọ̀, wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan, wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà fún ara wọn. Ọgbọ́n yẹn náà la lè fi kun ilé.

Ọ̀dà ara ògiri, èyí tí a ń fi omi là, máa ń wà ní gálọ́ọ̀nù lítà 4 àti ní garawa lítà 20. Lọ́pọ̀ ìgbà, garawa kan máa ń dín lówó sí gálọ́ọ̀nù márùn-ún. Ẹ béèrè iye méjèèjì, kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ilé márùn-ún lè dá owó garawa kan, kí oníkálukú bu lítà 4. Ẹ tètè ṣe èyí, kí ẹ yọ owó rẹ̀ nínú kóló kí ọ̀sẹ̀ ọdún tó dé. Gálọ́ọ̀nù kan kò ní kun gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ó tó fún ògiri tí àlejò ń kọjú sí. Àwọ̀ wo ni ẹni márùn-ún yóò fi ṣọ̀kan? Funfun ni. Ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ká aṣọ elésè àlùkò ti ìgbà Lẹ́ńtì kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n á tẹ́ funfun lọ́jọ́ Àjíǹde. Ilé tó funfun bá ọdún náà mu.

ÈKARÙN-ÚN: EWÉ ÀTI ẸYIN

Ẹ ge pèrègún nínú ọgbà, kí ẹ kì í sínú agolo mílíìkì tí ẹ ti kùn. Nínú omi, ó máa ń pẹ́ kó tó rọ. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì nítorí ẹ̀fọn. Imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday Ọ̀pẹ náà jẹ́ ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ kíákíá, iná sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àbẹ́là, àtùpà tàbí sítóòfù.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n máa ń kun ẹyin láwọ̀ fún Àjíǹde. Àwa náà lè ṣe é láìra ohunkóhun yàtọ̀ sí ẹyin. Ẹ tọrọ èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ lọ́wọ́ alálùbọ́sà. Dídànù ló ń dà á nù. Ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá se ẹyin nínú rẹ̀ títí yóò fi jinná. Àwọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Ẹ tò ó sínú igbá lórí tábìlì. Bí àwọn ọmọ bá dé, kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Òdòdó onírọ́bà kò ṣe é jẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀kọ́ yìí kàn yín nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ta ni ó ń jìyà bí ẹni tó yá owó òwò bá fi ra kọ́tìnnì? Ẹ dárúkọ ẹni mẹ́ta, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀.
2. Fèrèsé mélòó ni ọ̀pá méjìlá yóò tó fún, bí fèrèsé náà bá rí bí èyí tí a ṣírò?
3. Kí ni ohun mìíràn tí ẹni márùn-ún nínú ẹgbẹ́ wa lè rà pọ̀ fún ọdún?

Àlejò tó wọlé yín lọ́dún yóò jẹun, yóò sì lọ. Ìsọ̀ yín ni ẹ ó padà sí lọ́jọ́ Tuesday. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ bá ọjà níbẹ̀. Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyè dún.