Ẹni Tí A Kò Rí: Iṣẹ́ Ẹnjiníà Sọ́fítíwíà ní Ilé-Iṣẹ́ Ńlá, àti Ará Ọ̀rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí bá iṣẹ́ ẹnjiníà sọ́fítíwíà mu púpọ̀. Sọ́fítíwíà ni àkójọ àṣẹ tí a kọ ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń dá jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi hàn bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an ní ilé-iṣẹ́ ńlá, àti ibi tí ó kù sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé owó láti báǹkì kan dé òmíràn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ìlú Ọ̀rẹ̀ ni a ó sì dúró sí láti wo iṣẹ́ wọn.

Ìdí tí a fi yan Ọ̀rẹ̀

Ọ̀rẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Títì márosẹ̀ Èkó sí Benin gba ibẹ̀ kọjá. Ogun tí wọ́n jà níbẹ̀ ní ọdún 1967 ló sọ ọ̀rọ̀ kan di àṣà lẹ́nu wa: ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Awakọ̀, èrò ọkọ̀, oníkòkó àti ìyá olóúnjẹ ló ń náwó níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò ni kò sì ní í pẹ́ kí wọ́n tó tún wọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ bá há lọ́dọ̀ oní-POS ní Ọ̀rẹ̀ lè má ráyè dúró di ọ̀la. Ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ gbéra.

Ìrìn-àjò owó kan

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé èrò ọkọ̀ kan fẹ́ gba ₦5,000 lọ́wọ́ oní-POS. Ó ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó wà láàárín àwọn báǹkì. Ìyẹn ránṣẹ́ sí báǹkì ẹni tó ni káàdì. Báǹkì wo àkáǹtì rẹ̀, ó yọ owó, ó sì dá èsì padà. Gbogbo èyí kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Irú ilé-iṣẹ́ agbedeméjì bẹ́ẹ̀ ni NIBSS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, àti Interswitch, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ní ọdún 2011 ni NIBSS bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń mú kí owó tí a fi ránṣẹ́ dé báǹkì mìíràn lójú ẹsẹ̀.

Bí èsì bá sọnù lójú ọ̀nà ńkọ́? Báǹkì ti yọ owó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ POS ní kò ṣeé ṣe. Bí ẹ̀rọ bá tún béèrè, ǹjẹ́ kò ní í yọ owó lẹ́ẹ̀mejì? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà kan náà bá padà wá, báǹkì yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àná ni, kò sì ní í yọ owó mọ́. Àṣẹ tó ń gbé owó lọ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro kọ. Èyí tí a ń kọ de ọjọ́ tí nǹkan bá dojú rú ló ń gba ọpọlọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí

(i) Kíkà pọ̀ ju kíkọ lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yóò bá àṣẹ tí àwọn tó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ kọ. Ó gbọ́dọ̀ yé e kí ó tó fọwọ́ kàn án, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò ti gbọdọ̀ tún ẹsẹ Ifá tí kò yé e kọ.

(ii) Ẹnì kan kì í dá tirẹ̀ ṣe. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ka ohun tó kọ, yóò béèrè ọ̀rọ̀, yóò sì ní kí ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dán an wò kí ó tó dé ọwọ́ aráàlú.

(iii) Wọ́n ń ṣọ́ òru. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan lè dáhùn bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ní ọ̀gànjọ́.

(iv) Ìpàdé àti àkọsílẹ̀ kò lóǹkà, nítorí kò sí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà tán. Ẹni tó mọ ti káàdì lè má mọ ti àtẹ̀jíṣẹ́.

Ẹni tí a kò rí

Pípín iṣẹ́ báyìí ló ń mú un lágbára, òun náà ló sì ń mú kí òṣìṣẹ́ jìnnà sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà sì wọ́n, gbogbo ènìyàn sáré sí fífi owó ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì lọ. Bí ẹnjiníà bá rí i pé méjì péré ló kùnà nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Lójú ẹni tó wà ní Ọ̀rẹ̀, méjì yẹn ni gbogbo owó ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kúkurú ni ẹ̀rọ sábà máa ń fi dáhùn, kì í sì í sọ ibi tí owó wà. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: “Owó yín kò tíì kúrò; ẹ tún gbìyànjú.” “Owó ti kúrò. Ẹ má tún un ṣe, a ó dá a padà.” Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀kan dípò èkejì lè san owó lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹni tó kọ ètò náà kò bá mọ̀ pé àmì jẹ́ ara ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbọ̀n wọ́n dànù, kí owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ sì di ọ̀kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé iṣẹ́ ẹnjiníà sọ́fítíwíà jẹ́ iṣẹ́ kíkà, iṣẹ́ àjọṣe àti iṣẹ́ ìṣọ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ ẹni tó wà ní òdìkejì ẹ̀rọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, ẹ má rò pé ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kàn yín. Ẹni tó lè kọ gbólóhùn kan tí ìyá olóúnjẹ ní Ọ̀rẹ̀ yóò gbọ́ yékéyéké ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀.