Òwú Tí Kò Tíì Rì

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìrànwú ti ń jó lọ́wọ́ rẹ, ikùn rẹ̀ sì ń tóbi. Inú mi dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọmọdé tó jókòó ti òwú ní Modákẹ́kẹ́ yìí, níbi tí àwọn baba wa tó ti Ọ̀yọ́ Ilé wá nígbà ogun tẹ̀dó sí. Òwú ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú àwọn ahunṣọ ń rà báyìí, títí dé Ìsẹ́yìn pàápàá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní o ti ń wá ẹni tí yóò bá ọ fi òwú rẹ hun aṣọ kíjìpá, o kò sì tíì fọ òwú náà. Jókòó ná.

Òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ìrànwú ní ọ̀rá kan lára tí ojú kò rí, láti oko ló ti gbé e wá. Bí o bá jù ú sómi, yóò léfòó bí ewé, ẹ̀kọ kò ní mú un, aró kò ní wọ̀ ọ́ dọ́gba. Nítorí náà, ká a ní ìdì, kí o fi òwú mìíràn dè é níbi mẹ́rin, kí ìdè náà má le, kí omi lè ráyè dé abẹ́ rẹ̀. Ìdì tí a kò dè, tó bá jáde nínú omi tán, ìwọ àti ẹni tó bí ọ kò ní rí orí rẹ̀ mú. Gbé e sínú ìkòkò, bu omi bò ó, kí o rún ọṣẹ dúdú sí i, èyí tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó ṣe. Èèpo kòkó kúkú kì í wọ́n wa níhìn-ín. Jẹ́ kó máa hó jẹ́jẹ́ fún bíi wákàtí kan. Omi náà yóò yà ọ́ lẹ́nu: òwú tó funfun ni yóò sọ ọ́ di pípọ́n bí omi àgbo. Ìgbà tí ìdì náà bá sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò fúnra rẹ̀ ló tó mọ́. Má fi igi tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi; ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ṣàn án títí omi yóò fi mọ́ gaara. Má bẹ̀rù pé yóò já, òwú tó tutù lágbára ju èyí tó gbẹ lọ. Òwú sányán kò rí bẹ́ẹ̀, òun ń fẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ̀ tó bá ti rí omi.

Sísá rẹ̀ wá ńkọ́? Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, ìkánjú ọjà mú mi, mo fi ìdì mẹ́ta kọ́ wáyà lójú oòrùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìlà pupa ti là wọ́n láàárín, wáyà náà ti dógùn-ún. Ìyá ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ó kó wọn, ó ń fi wọ́n di ẹnu àpò gààrí, mo sì ń tú wọn ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ bu gààrí lọ́dún náà.

Ọparun ni kí o fi kọ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Má gbé e sábẹ́ igi, nítorí ní ìlú wa yìí tí wọ́n ní igbe ẹyẹ àkọ̀ ló fún un lórúkọ, ẹyẹ kò ní ṣàì mọ òwú rẹ. Ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìdì, kí o já a gbà-gbà kí okùn rẹ̀ tò, kí o wá ki igi kan bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó fà á sílẹ̀, nítorí òwú tí a rán le, bí kò bá rí ohun tó fà á títí yóò fi gbẹ, ńṣe ni yóò máa ká bí irun tí a tú. Máa yí i po, kí omi má dúró lójú kan. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ kan ti tó, bó o bá ti lè ṣọ́ eruku. Nígbà òjò, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta, kó má sì sún mọ́ èéfín ààrò.

Bó o bá rò pé ó ti gbẹ, gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá ṣì tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, dá a padà sórí ọparun, kí o lọ jẹun.