Káàdì Ilé-Ìkàwé Kì í Ṣe Igbá Alágbe

Nínú gbogbo ohun tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan láti Brooklyn, ní ìlú New York, kọ ránṣẹ́ sí ojú-ìwé yìí, gbólóhùn kan ni kò ṣeé gbójú fò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ sọ nígbà tí ó gbọ́ pé ìyàwó òun fẹ́ fi káàdì ilé-ìkàwé gba ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ sí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé: ó ní àwọn kò torí àtimáa tọrọ nǹkan wá sí Amẹ́ríkà. Ìbéèrè tó kù lè dúró ná.

Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí ohun tí kò ní ìpín nínú rẹ̀ ni à ń pè ní alágbe. Ilé-ìkàwé gbogbogbòò, ìyẹn èyí tí ìlú dá sílẹ̀ kí tolówó tálákà lè yá ìwé níbẹ̀, kò sí lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó orí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n fi ń bójú tó o ní New York, ọkọ tí ó ń bínú yìí sì ń san tirẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ lára owó iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà gba káàdì, ìbáà má gbà á.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ nílé rí: nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó orí tí wọ́n fi kún ti tẹ́lẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ó sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún 1954; ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 1955, àwọn tí ó ń kùn náà kó ọmọ wọn lọ, kò sì sí ẹni tí ó pe ọmọ wọn ní ọmọ alágbe. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ẹ̀kọ́ náà sọ di ènìyàn ni ó wá ń yínmú sí ohun ọ̀fẹ́ lókè òkun!

Ètò tí ìyá náà ń béèrè, Culture Pass, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 láàárín àwọn ilé-ìkàwé mẹ́ta tí ó pín ìlú náà mọ́wọ́, ti New York, ti Brooklyn àti ti Queens. Ibi 33 ni ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, lára wọn ni MoMA, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà òde òní, Brooklyn Children's Museum tí ó wà fún ọmọdé, àti Brooklyn Botanic Garden, ọgbà igi àti òdòdó. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 13, tí ó sì ní káàdì, yóò tẹ nọ́ńbà káàdì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sórí fóònù, yóò yan ibi àti ọjọ́, yóò sì gba ìwé tí yóò mú òun àti iye ẹni tí ibẹ̀ bá fọwọ́ sí wọlé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ní MoMA, níbi tí àgbàlagbà ti ń san 30 dọ́là, 60 dọ́là bàbá àti ìyá dúró sápò nìyẹn. Owó ìtanràn lórí ìwé tí a dá padà pẹ́, tí ó ń ba ìyá náà lẹ́rù, kò sí mọ́ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àfi ìwé tí ó bá sọnù.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan iyì, kí ọkọ náà mọ̀ pé adé ìlẹ̀kẹ̀ Alówólódù, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí ó jọba láti ọdún 1890 sí 1928, wà nínú àkójọ Brooklyn Museum, ní àdúgbò tí àwọn ọmọ òun ń gbé.

Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọ̀fẹ́ kọ́ ni ó ń dun ọkọ náà. Lẹ́tà náà sọ ọ́ léréfèé pé iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe, àti pé àwọn ọmọ ti máa ń sùn kí ó tó wọlé. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ kí ó jẹ́ owó òun ni àwọn ọmọ òun fi ṣe fàájì. Ìfẹ́ ọmọ ni, kò sì yẹ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ìyàwó rẹ̀ yan ọjọ́ tí bàbá náà kò níṣẹ́, kí ó jẹ́ kí bàbá san owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ ọ̀sán, kí ó sì gba ìwé náà láìfi falẹ̀, nítorí ti òpin ọ̀sẹ̀ kì í pẹ́ tán.