Ẹ Má Ṣe Jogún Ìjà Tí Ẹ Kò Dá Sílẹ̀

Ìjà kì í dọlà, orúkọ ní í sọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ṣe jinlẹ̀ tó, kó rìn yí Èkó ká, kó máa ka pátákó ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tó wà lára àwọn pátákó wọ̀nyẹn, aáwọ̀ ló bí wọn. Àwọn tó fa aáwọ̀ náà ti sùn sí itẹ́ òkú tipẹ́tipẹ́, orúkọ nìkan ló ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń béèrè pé: ṣé ìjọ tó pọ̀ lọ súà yìí kọ́ ló tú àwa onígbàgbọ́ ká? Ní tèmi o, pípọ̀ ìjọ kọ́ ni àrùn tó ń ṣe wá. Ìjà àwọn tó ti lọ, tí àwa tó kù ń bá wọn jà lọ, òun ni.

Ẹ wo ìjọ Kọ́ríńtì nínú Bíbélì. Kò sí Áńgílíkà níbẹ̀, kò sí Onítẹ̀bọmi, kò sí Àgùdà. Ìjọ kan ṣoṣo ni wọ́n. Síbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní láti kọ̀wé bá wọn wí, nítorí àwọn kan ní ti Pọ́ọ̀lù làwọn, àwọn kan ní ti Àpólò, àwọn mìíràn ní ti Kéfà. Bó bá jẹ́ iye ìjọ ló ń fa ìyapa, kò yẹ kí ìyapa dé Kọ́ríńtì rárá.

Nílẹ̀ tiwa, òdìkejì èyí ni ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Kí ọdún náà tó parí, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, dé. Iṣẹ́ Ìyìn Rere kò tí ì pé oṣù mẹ́rin tí ìjọ ti di méjì, síbẹ̀ àwọn méjèèjì jọ ṣọdún Kérésì pọ̀ ní Àgbádárìgì. Lọ́dún 1850, Bowen mú ti Onítẹ̀bọmi wá láti Amẹ́ríkà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ di ta ni ọ̀gá ni wàhálà dé. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún. Lọ́dún 1888, àwọn Onítẹ̀bọmi kan l'Ékòó kúrò lábẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni David Brown Vincent, ẹni tó wá yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mojọlá Àgbébí. Nígbà tí àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ inú CMS tàbùkù Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní odò Ọya, inú bí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, United Native African Church sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1891. Crowther fúnra rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, kò sì fi Áńgílíkà sílẹ̀. Lọ́dún 1901, ọ̀rọ̀ James Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó, àti Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀, ibẹ̀ ni African Church ti jáde. Lọ́dún 1917, àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n lé nítorí pé wọ́n láya púpọ̀ dá èyí tí aráyé ń pè ní Ẹlẹ́ja sílẹ̀. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1925 kò lò ju ọdún mẹ́rin lọ kí àwọn tó dá a sílẹ̀, Mósè Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínṣọwọ́n, tó pín gaarí.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ta ló jiyàn pé Jésù ni Olúwa? Kò sí. Onítẹ̀bọmi tó kúrò ṣì ń tẹni bọmi, Áńgílíkà tó kúrò ṣì ń gba àdúrà inú ìwé. Ọlá, ipò, owó àti ọ̀ràn inú ilé ni wọ́n jà lé lórí. Àwọn kan jàre nínú ìjà náà gan-an, nítorí ojú táwọn òyìnbó kan fi ń wo èèyàn dúdú nígbà náà kò ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó yẹn dà lónìí? Kí ló wá kù tí ọmọ African Church àti ọmọ Áńgílíkà fẹ́ máa bá ara wọn fà?

Kì í ṣe gbogbo ìyapa ni ti ipò o. Àwọn tí wọ́n wá di Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì, CAC, gbà pé àdúrà nìkan tó láti wo aláìsàn. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó Apostolic Church tó wá bá wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kuiníìnì, wọ́n ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ya lọ́tọ̀. Ìgbàgbọ́ nìyẹn. Irú rẹ̀, ẹ má fi ṣẹ̀sín, ẹ má sì díbọ́n pé kò sí. Kí oníkálukú di tirẹ̀ mú, kó má fi tirẹ̀ gún ẹlòmíràn lójú.

Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Lọ́dún 1914, Àgbébí àti àwọn òyìnbó tó fi sílẹ̀ tún jókòó pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ sílẹ̀, òun gan-an sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà ló dàgbà di Nigerian Baptist Convention. Ẹ̀wẹ̀, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian pinnu láti di ìjọ kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1965. Nígbà tó ku díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, wọ́n sún un síwájú, ibẹ̀ ló kú sí. Ṣùgbọ́n Immanuel College n'Íbàdàn, tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1958, ń kọ́ àwọn àlùfáà títí dòní. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé jíjọ ṣiṣẹ́ rọrùn ju jíjọ jẹ́ orúkọ kan lọ. Ibi iṣẹ́ ni kí a ti wá ìṣọ̀kan.

Kí wá ni ṣíṣe?

Èkíní, ẹ bi àwọn àgbà ìjọ yín bí ìjọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ipò ló pín wọn, kò ní dúró lórí àga ìwàásù kó máa sọ pé ọ̀run kò sí fún ará ibi tí wọ́n ti yà wá.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ẹ má dúró dìgbà tí káàdì ìpè bá ti jáde kí ẹ tó béèrè ohun tí ìjọ kejì ń fẹ́. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ní láti gba ìyọ̀ǹda bíṣọ́ọ̀bù kó tó fẹ́ ẹni tó ṣèrìbọmi níbòmíràn. Àwọn ìjọ mìíràn kò ka ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ sí, wọ́n á ní kí ẹni náà tún un ṣe, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ omi pátápátá. Ká tó ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ló yẹ kí tọkọtaya tó ń bọ̀ ti jókòó sọ ọ́: níbo la ó máa jọ́sìn, níbo la ó ti kó ọmọ jáde?

Ẹ̀kẹta, ìsìnkú. Ibí yìí lojú ti ń tini jù. Ìyá kú, Áńgílíkà ni. Àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ Sẹ́lẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní CAC, àbíkẹ́yìn wà ní ìjọ ìgbàlódé kan. Àkọ́bí fẹ́ wọ sùtánà wọlé láìwọ bàtà, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá ní kò gbọdọ̀ ṣe é. Obìnrin ní àfi kí akọrin ìjọ òun kọrin. Àbíkẹ́yìn ní pásítọ̀ òun ní òun kò gbọdọ̀ bá aláṣọ funfun jókòó nínú ìsìn kan. Wọ́n ń sọ òkú kalẹ̀, àbíkẹ́yìn dúró sẹ́nu géètì nínú kóòtù dúdú, ó ń wo fóònù rẹ̀. Àwọn àlejò abẹ́ kánópì ń bi ara wọn léèrè pé ọmọ ta nìyẹn. A kì í bá ni tan, ká fa ni nítan ya. Ìmọ̀ràn mi ni pé ìjọ tí olóògbé ń lọ ló ni ìsìn. Ẹ bi ìyá yín nígbà tó wà láàyè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù lè ka ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n lè dáná, kí oníkálukú wá ṣe ìdúpẹ́ tirẹ̀ ní ìjọ tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹrin, bó bá di dandan kí ẹ fi ìjọ kan sílẹ̀, ẹ mọ bí a ṣe ń lọ. Ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, ẹ má kó ìlù àti ìwé báńkì sá, ẹ má fi ẹnu ba àlùfáà tó sọ ọmọ yín lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí, ẹ ka owó ìjọ síta lójú gbogbo ọmọ ìjọ, kí ẹ sì kọ ẹni tó máa jẹ oyè lẹ́yìn yín sínú ìwé òfin. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Bíbélì Yorùbá tó jáde lódidi lọ́dún 1884, tí Crowther ṣáájú àwọn tó túmọ̀ rẹ̀, ti dé ọwọ́ gbogbo wọn, àti àwọn tó kúrò àti àwọn tó dúró. Ìwé kan náà la jọ ń kà; nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun ń wá ìṣọ̀kan ìjọ, kó kọ́kọ́ wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó kọ̀ láti bá ṣe ìkómọ nítorí pé ìjọ kì í ṣe ọ̀kan. Kó pè é, kó bẹ̀ ẹ́, kó sì lọ síbi ìkómọ tó bá tún ń bọ̀.