Ìpara Tó Ń Pa Sẹ́ẹ̀lì Lẹ́nu Mọ́

"Dókítà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo ìpara ìbóra tí wọ́n ń bá wa pò lọ́jà. Ara mi mọ́, ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n ní báyìí iṣan ọwọ́ mi hàn síta, ìlà pupa gba itan mi kan, ọ̀bẹ sì gé mi lọ́wọ́ díẹ̀, ọgbẹ́ náà kò tètè jinná. Bí mo bá ní kí n fi í sílẹ̀, ṣe ni ojú mi á pọ́n, á máa ta mí. Kí ni kí n ṣe?" — Ìyá Ìbejì, Karaworo, Lọ́kọ́jà.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí jọ iṣẹ́ ọwọ́ oògùn sítẹ́rọ́ìdì alágbára, irú clobetasol, tí àwọn tó ń po ìpara máa ń dà mọ́ ọn.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń bà jẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí awọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ìsàlẹ̀ awọ òkè ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí òmíràn wà. Bí ọ̀kan bá bí, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bó ti ń gòkè, kálísíọ̀mù tó yí i ká ń pọ̀ sí i, ìyẹn ló ń sọ fún un pé àkókò àtigbó ti tó. Sẹ́ẹ̀lì tó fara kàn án náà ń bá a sọ̀rọ̀: èyí á di èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Notch mú lára èkejì, Notch á já, apá kan rẹ̀ á wọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì lọ pàṣẹ fún àwọn jíìnì pé kí bíbí dúró, kí gbígbó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fi dé òkè, ó ti kú, ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ, ọ̀rá ti dí àárín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìrìn yìí ń gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ dúdú yín pàápàá, iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì rán sí sẹ́ẹ̀lì ló bí i: sẹ́ẹ̀lì tí oòrùn pa, á ké sí èyí tó ń ṣe èròjà dúdú, ìyẹn á fi èròjà náà ránṣẹ́ sí i kí oòrùn má baà ba jíìnì jẹ́. Ààbò yìí là ń fowó wa bó dànù. Ó dùn mí gan-an.

Sítẹ́rọ́ìdì ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á sì pa ọ̀pọ̀ jíìnì lẹ́nu mọ́. Bíbí á dínkù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ tó ń ṣe kọ́lájìn tó di awọ mú á dẹwọ́. Awọ á fẹ́lẹ́, á ya sí ìlà, ọgbẹ́ á pẹ́ kó tó jinná.

Ẹ̀yin nìkan kọ́. Ìwádìí kan láàárín àwọn oníṣòwò Èkó, tó jáde ní 2002, rí i pé àwọn tó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló ń lo ìpara ìbóra nígbà náà.

Ẹ má dá ìpara náà dúró lójijì fúnra yín. Sítẹ́rọ́ìdì inú rẹ̀ ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ara tó ń ṣe irú èròjà yìí fúnra rẹ̀ sì lè ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ mú ike ìpara náà lọ sí Federal Teaching Hospital tó wà ní Lọ́kọ́jà níbẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín, kí wọ́n sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí èébì, òòyì tàbí àárẹ̀ tó lágbára bá dé, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Awọ lè tún nípọn padà. Àwọn ìlà yẹn á ṣá, ṣùgbọ́n wọn kò ní parẹ́ tán.

"Dókítà kan fún ọmọ mi ní ìpara hydrocortisone fún àléfọ́. Ṣé kí n dà á nù?" — Bàbá ọmọ, Adankolo.

Rárá, sà. Sítẹ́rọ́ìdì tí kò le nìyẹn, dókítà ló sì fún yín. Ẹ lò ó fún iye ọjọ́ tí wọ́n sọ, kí ẹ sì máa fi òrí tàbí Vaseline pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Làpálàpá ni kí ẹ má fi í pa: á kọ́kọ́ dà bíi pé ó ń lọ, á sì máa ràn sí i.